Ẹ̀dọ̀ Ló Ṣẹ̀, Ọ̀nà Ọ̀fun Ló Ń Jìyà

Ẹ̀jẹ̀ tó ń ti inú ìfun bọ̀ gbọ́dọ̀ gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá kó tó dé ọkàn. Bí mẹ́dọ̀wú B tàbí ọtí bá ti ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àpá á bò ó, á le gbagidi, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní ráyè kọjá dáadáa mọ́. Á wá yà sínú àwọn iṣan wẹ́wẹ́ tó wà nísàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun. Àwọn yẹn á wú, ara wọn á fẹ́lẹ́. Kò ní dun aláìsàn rárá, àfi lọ́jọ́ tí ọ̀kan bá bẹ́, tó bẹ̀rẹ̀ sí í bi ẹ̀jẹ̀.

Ní 1877, Nikolai Eck, ará Rọ́ṣíà, so iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀ mọ́ èyí tó ń lọ tààrà sí ọkàn, kí ẹ̀jẹ̀ lè yẹ ẹ̀dọ̀ sílẹ̀. Ajá mẹ́jọ ló fi dán an wò. Méje kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìkẹjọ lo bí oṣù méjì ààbọ̀, ó sì sá lọ. (Ta ni yóò bá a wí?) Síbẹ̀, Eck ní ó ṣeé ṣe fún ènìyàn. Ní 1893, Pavlov, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Rọ́ṣíà, àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé bí irú ajá bẹ́ẹ̀ bá jẹ ẹran, orí rẹ̀ á dàrú, nítorí májèlé tí ẹ̀dọ̀ ìbá pa ti ráyè dé ọpọlọ.

Nígbà tí Whipple, oníṣẹ́ abẹ kan, gbé iṣẹ́ abẹ Eck dìde fún àwọn tó ń bi ẹ̀jẹ̀ ní New York ní 1945, ẹ̀jẹ̀ dá lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí ọ̀pọ̀ aláìsàn dàrú bíi ti ajá.

Bẹ́ẹ̀, ní Sweden ní 1939, Crafoord àti Frenckner ti gún iṣan tó wú náà ní abẹ́rẹ́ kuníìnì láti ọ̀nà ẹnu. Wọn ò kà á sí títí di nǹkan bí 1970. Ọ̀bẹ ló ń gba ìyìn nígbà náà.

Ní 1981, Lebrec ní Faransé fi hàn pé propranolol, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò wọ́n, ń dín ẹ̀jẹ̀ dídà náà kù. Ní 1986, Stiegmann ní Denver mú rọ́bà kékeré tí wọ́n fi ń so jẹ̀díjẹ̀dí, ó fi so iṣan ọ̀nà ọ̀fun. Nígbà tó fi máa di 1992, ó ti hàn pé rọ́bà sàn ju abẹ́rẹ́ lọ.

Èrò Eck ò kú o. Láti 1988, ní Freiburg ní Jámánì, ni wọ́n ti ń ki ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú ẹ̀dọ̀ láìla ikùn, kí ẹ̀jẹ̀ lè gba inú rẹ̀ kọjá, fún ẹni tí rọ́bà àti oògùn ò ràn. Orí àwọn kan ṣì ń dàrú lẹ́yìn rẹ̀.