Àmì ìdúró nínú debugger

Àmì ìdúró, tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà mọ̀ sí breakpoint, ni ibi tí ẹni tó ń wá àṣìṣe yàn pé kí ètò kan ti dúró, kí ó lè wo ohun tó ń lọ nínú rẹ̀ lásìkò náà. Debugger ni irinṣẹ́ tó ń dá ètò náà dúró. Betty Holberton, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin 6 tó kọ́kọ́ ṣètò iṣẹ́ fún ẹ̀rọ ENIAC ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1940, ni a kà sí ẹni tó dá a sílẹ̀. Wáyà ni wọ́n ń yọ nígbà náà kí ẹ̀rọ tó dúró.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Lórí ẹ̀rọ x86, debugger a tọ́jú báìtì àkọ́kọ́ nínú àṣẹ tó wà níbẹ̀, a sì fi 0xCC rọ́pò rẹ̀. Bí processor bá dé orí 0xCC, iṣẹ́ a dúró. Nítorí náà, inú memory ni àmì náà wà gan-an, kì í ṣe orí ìlà tí ènìyàn ń kà. Àkọsílẹ̀ tí compiler ṣe ló so méjèèjì pọ̀: DWARF lórí Linux, fáìlì PDB ní ti Visual Studio.

Nígbà tí ètò kò bá dúró

Pé ètò kò dúró kì í ṣe ẹ̀rí pé ìlà náà kò ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá rò bẹ́ẹ̀ lè dá ìlà tó jẹ̀bi láre, kí ó sì máa wá àṣìṣe níbi tí kò sí.

Ohun tó wọ́pọ̀ jù ni pé fáìlì tó wà lójú kọ́ ni ètò tó ń ṣiṣẹ́ ti jáde. Ó lè jẹ́ pé wọ́n yí kóòdù padà láìtún un kọjá nínú compiler, tàbí pé library àtijọ́ ni ètò gbé. Visual Studio a fi òrùka tí inú rẹ̀ ṣófo hàn dípò èyí tó pupa. Nínú GDB, tí Richard Stallman kọ ní 1986, àṣẹ info sharedlibrary a fi àwọn library tó ti wọlé hàn. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti mọ òtítọ́ ni kí a fi àṣìṣe tó hàn gbangba sínú fáìlì náà: bí ètò bá ṣì ń lọ geere, fáìlì mìíràn ló ń ṣiṣẹ́.

Compiler náà lè pa ìlà kan rẹ́, tàbí kí ó da function kan pọ̀ mọ́ òmíràn, kí ètò lè yára. Nínú GCC, -g pẹ̀lú -O0 ló ń dènà èyí, àmọ́ àwọn àṣìṣe kan wà tí kì í hàn àfi lábẹ́ -O2.

Bí ètò bá fi fork bí òmíràn, ìyá ni GDB ń tẹ̀ lé. Set follow-fork-mode child ló ń yí i sí ọmọ.

Lórí memory tí a kò lè kọ nǹkan sí, 0xCC kò wúlò. Àmì ti inú processor fúnra rẹ̀ ni a ń lò níbẹ̀. Mẹ́rin péré ni x86 ní, láti DR0 dé DR3, nítorí náà ìkarùn-ún kò ní ríbi jókòó.