Bí Rédà Ṣe Ń Mọ Ẹyẹ Yàtọ̀ sí Bàálù

Àwa tí a wà ní College Park, ní Prince George's County, mọ ìró bàálù kéékèèké tí ń gbéra ní pápá tó wà nítòsí wa. Ibẹ̀ ni Wilbur Wright ti kọ́ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà bí a ti ń wa bàálù ní ọdún 1909. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ̀ lé odò Anacostia lọ sí ìhà Washington, a ó kan ìtàn mìíràn.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1922, A. Hoyt Taylor àti Leo Young gbé ẹ̀rọ rédíò kan sí etí odò, èkejì sí òdìkejì. Ọkọ̀ ojú omi onígi kan tí ń jẹ́ Dorchester gba àárín wọn kọjá, ohùn rédíò sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè sódò. Wọ́n kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá wọn pé a lè fi èyí mọ̀ bí ọkọ̀ ọ̀tá bá ń bọ̀. Àwọn ọ̀gá kò kà á sí! Èyí ló dùn wá jù nínú gbogbo ìtàn náà. Ó di 1930 kí Lawrence Hyland tó rí i pé bàálù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí rédíò, ó sì di ìparí 1934 kí Robert Page tó fi rédà tòótọ́ rí bàálù.

Àmọ́ rírí nǹkan yàtọ̀ sí mímọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ kẹta oṣù keje 1988, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Vincennes rí bàálù kan lórí rédà nítòsí Iran, wọ́n ṣì í mú fún bàálù ogun, wọ́n yìn ín lulẹ̀. Èrò ló kó. Ènìyàn 290 ló kú.

Báwo ni a ṣe lè mọ̀ ọ́n? Ẹ gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin: bó ti ń bọ̀, ohùn rẹ̀ ga, bó ti ń lọ, ó rẹlẹ̀. Doppler ló ṣàlàyé èyí ní 1842. Ìgbì rédà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹyẹ ń ju apá, ènìyàn ń ju ọwọ́ òun ẹsẹ̀, abẹ̀bẹ̀ hẹlikópítà ń yí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fi àmì tirẹ̀ sára ìgbì tó padà wá. (Ta ni kò mọ ìró ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ kí ó tó wọlé?) Ní 2006, Victor Chen, tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí ọmọ ogun ojú omi tí kò jìnnà sí ààlà county wa, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìṣirò rẹ̀ jáde, wọ́n pè é ní micro-Doppler.

Ibi tó kù sí nìyí: ẹni tí kò bọ̀ tí kò sì lọ, tó kàn gba iwájú rédà kọjá ní ìbú, kì í fi ìṣísẹ̀ rẹ̀ hàn dáadáa.