Lílúwẹ̀ẹ́ nínú omi tútù: Àǹfààní rẹ̀ àti àwọn tó yẹ kó ṣọ́ra fún un

Láti ọdún 1864 ni ẹgbẹ́ Serpentine Swimming Club ti wà ní Hyde Park nílùú London. Òjò ni o, òtútù ni o, wọn kì í yé lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún omi tó wà níbẹ̀, kódà wọ́n máa ń díje láàárọ̀ Kérésìmesì. Ọmọ Yorùbá tó wà lọ́hùn-ún, tó bá fẹ́ dán irú ẹ̀ wò, ó yẹ kó mọ ohun tí omi tútù ń ṣe fún ara.

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀

Bí èèyàn bá wọ omi tó tutù ju 15°C lọ, èémí rẹ̀ á já lójijì, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì, ìfúnpá rẹ̀ á sì ròkè. Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ló léwu jù, torí ẹni tí orí rẹ̀ bá wà lábẹ́ omi nígbà náà lè fa omi símú.

Àǹfààní rẹ̀

Ó máa ń mọ́ ara lára. Ìwádìí fi hàn pé téèyàn bá wọ omi tútù fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà mẹ́fà, ìjayà yẹn lè dín kù dé ìdajì. Ọ̀pọ̀ tó ń ṣe é déédéé ló ní ọkàn àwọn máa ń fúyẹ́. Àmọ́ eré ìdárayá àti ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń wẹ̀ náà lè lọ́wọ́ sí i. Kì í ṣe oògùn o. Ẹ má torí ẹ̀ pa oògùn tí dókítà kọ fún yín tì.

Ta ló yẹ kó ṣọ́ra?

Òtútù máa ń ta ìrora àrùn fòníkú-fọ̀ladìde jí, torí náà omi tútù kì í ṣe eré ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹni tí ọkàn ń yọ lẹ́nu àti aláboyún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà.

Bí ẹ bá fẹ́ wọ̀ ọ́

Ẹ má dá lọ. Ẹ má bẹ́ sómi, díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́. Bí èémí bá já, ẹ dojú sókè, kí ẹ léfòó títí á fi balẹ̀. Tẹ́ ẹ bá jáde, ẹ tètè wọ aṣọ gbígbẹ, torí ara ṣì máa ń tutù sí i lẹ́yìn téèyàn ti kúrò nínú omi. Ẹ má sáré fi omi gbígbóná wẹ̀, ó lè mú kí òòyì kọ́ yín.