Láti Orí Òfì Dé Gáréèjì Kabba: Bí Toyota Ṣe Di Ìlú-mọ̀-ọ́n-ká Láàrin Wa

Ní ilẹ̀ Okun, láti Kabba dé Ìyàrà, láti Mọ́pà dé Ẹ̀gbẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ ra ọkọ̀ máa ń gba ìmọ̀ràn kan náà lẹ́nu mẹkáníìkì, lẹ́nu pásítọ̀, àti lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kò ní ọkọ̀ rí láyé: "Toyota ni kí o rà." Kò sí ẹni tí í béèrè ìdí. Bẹ́ẹ̀, owó tí ọ̀pọ̀ wa fi ń ra ọkọ̀ kan ṣoṣo lè jẹ́ owó àfikún ọdún mẹ́wàá, tàbí gbogbo owó ìfẹ̀yìntì olùkọ́. Ohun tí ènìyàn ń ná irú owó bẹ́ẹ̀ lé lórí tó ohun tí à ń wá ìtàn rẹ̀ dé ìdí. Ta ni ó kọ́ orúkọ yìí? Èló nínú rẹ̀ ni ti àwọn ará Jàpáànì, èló sì ni tiwa?

Ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ níbi tí obìnrin Okun kì yóò ti ṣe àlejò rárá, ìyẹn ìdí òfì. Àwọn ìyá wa ní Bùnú, ní Òwé àti ní Ìjùmú mọ òfì òòró tí a ń gbé ti ògiri. Ní Bùnú ni wọ́n ti ń hun aṣọ pupa tí à ń pè ní aṣọ ipò, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀yẹ ìsìnkú àwọn ènìyàn pàtàkì. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó ti ìyá rẹ̀ nídìí òfì mọ ohun tí ó ń báni nínú jẹ́ jù níbẹ̀: kí fọ́nrán òwú kan já, kí a má tètè rí i, kí a sì ti hun ìbú ọwọ́ mẹ́ta kọjá kí a tó mọ̀ pé aṣọ náà ti lábùkù.

Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni ó jẹ ọkùnrin kan lógún ní Jàpáànì. Sakichi Toyoda ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1867 ni wọ́n bí i, gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá rẹ̀, ìtàn tí wọ́n sì máa ń sọ ni pé wàhálà tí ìyá rẹ̀ ń ṣe nídìí òfì ni ó mú un bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà àtúnṣe. Ó gba ìwé àṣẹ lórí òfì onígi tí ó ṣe ní ọdún 1891. Láti ìgbà náà ni ó ti ń tún un ṣe, títí ó fi di ọdún 1924 tí ẹ̀rọ ìhunṣọ rẹ̀ tí ó lókìkí jù jáde. Ohun tí ẹ̀rọ náà fi yàtọ̀ ni pé bí fọ́nrán kan bá já, ẹ̀rọ yóò dúró fúnra rẹ̀. Kò ní hun àbùkù lọ. Nítorí náà, òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo lè máa mójú tó ọgbọ̀n ẹ̀rọ, torí kò sí ìdí láti máa ṣọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní ọdún 1929, ilé-iṣẹ́ Platt Brothers ti ìlú Oldham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ra ẹ̀tọ́ láti máa ṣe ẹ̀rọ náà. £100,000 ni wọ́n fẹnu kò sí. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí. Oldham wà ní agbègbè Lancashire, ibi tí wọ́n ti ń hun aṣọ tí àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kó wọ Lọ́kọ́jà nípa odò Ọya, tí ó sì dín ọjà àwọn ahunṣọ wa kù. Àwọn tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ìyá wa wá di ẹni tí ń san owó fún ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà ará Jàpáànì kí ó tó kọ́ wọn ní ọgbọ́n tuntun. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo rẹ́rìn-ín.

Sakichi kú ní ọdún 1930. Wọ́n sọ pé owó ẹ̀rọ ìhunṣọ yẹn ni ọmọ rẹ̀, Kiichiro, fi bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí mọ́tò. Àwọn òpìtàn kan kò fi gbogbo ara gba èyí gbọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó dájú ni pé inú ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ìhunṣọ gan-an ni ẹ̀ka mọ́tò ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1933. Ọkọ̀ akẹ́rù wọn jáde ní 1935, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tẹ̀lé e ní 1936, ilé-iṣẹ́ Toyota sì dá dúró ní 1937. Wọ́n yí Toyoda padà sí Toyota nítorí pé, nínú ọ̀nà ìkọ̀wé wọn, ìlà mẹ́jọ ni wọ́n fi ń kọ èyí èkejì, mẹ́jọ sì jẹ́ nọ́ńbà oríire lọ́dọ̀ wọn. Kò sí ìran tí kò ní tirẹ̀.

Ẹ má rò pé ọ̀nà náà tẹ́jú. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ilé-iṣẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Ní ọdún 1950, wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ sílẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀, Kiichiro sì fi ipò rẹ̀ sílẹ̀. Ogun Korea tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún náà ni ó gbà wọ́n, nítorí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà nílò ọkọ̀ akẹ́rù ní kíákíá. Kiichiro kò pẹ́ láyé gbádùn rẹ̀. Ó kú ní 1952. Nígbà tí wọ́n sì kó ọkọ̀ Crown lọ sí Amẹ́ríkà ní ìparí àwọn ọdún 1950, ìtìjú ni wọ́n bá pàdé. Ọkọ̀ náà kò lè sá eré títì ńlá wọn, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń gbóná, wọ́n sì ní láti dá títà rẹ̀ dúró. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé wọ́n kó ẹ̀bi náà padà sílé, wọ́n tú u wò. Corolla jáde ní 1966, HiAce ní 1967, Hilux ní 1968. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni a wá mọ̀ níbí bí ẹni mọ owó.

Àmọ́, nígbà tí wọ́n ń ṣe ìyẹn lọ́hùn-ún, ta ni ó mọ̀ wọ́n ní Kabba? Bọ̀lẹ̀kájà onípákó ni ó ń kó iṣu, kọfí àti kòkó wa jáde. Lẹ́yìn náà ni ayé Ìjàpá Volkswagen dé, tí ayé Peugeot 504 sì tẹ̀lé e. Ìjọba fúnra rẹ̀ ni ó gbé àwọn méjèèjì lárugẹ. Ní ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ ìto-mọ́tò Peugeot ṣí ní Kaduna, tí ti Volkswagen sì ṣí ní Èkó. Olùdarí ilé-ìwé tí kò bá gun Peugeot, ẹ ó rò pé wọ́n fi ìyà jẹ ẹ́ ni. Àwọn àgbà a máa sọ nígbà náà pé páànù ọkọ̀ àwọn ará Jàpáànì fẹ́lẹ́ bí agolo mílíìkì.

Owó náírà ni ó yí ọ̀rọ̀ padà, kì í ṣe ìpolówó ọjà. Nígbà tí ìjọba Babangida gbé ètò SAP kalẹ̀ ní 1986, tí náírà sì já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun kúrò ní ohun tí òṣìṣẹ́ ìjọba lè fi owó oṣù rẹ̀ lálàá. Bí tòkunbọ̀ ṣe gba ìgboro nìyẹn, tí wọ́n ń gba Kùtọnu àti Èkó wọlé. Ohun kan sì wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà fi apá òsì títì sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ lápá ọ̀tún. Jàpáànì ń wa tiwọn lápá òsì títí di òní, ọwọ́ ọ̀tún ọkọ̀ ni ìdarí tiwọn wà. Nítorí náà, tòkunbọ̀ láti Jàpáànì gan-an kò lè wúlò fún wa. Láti Bẹ́ljíọ̀m àti Jámánì ni tiwa ti kọ́kọ́ ń wá, nígbà tí ó sì yá, láti Amẹ́ríkà. Carina E tí àwọn olùkọ́ wa ń gùn, Derbyshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń ṣe é. Camry, láti 1988 ni wọ́n ti ń tò ó ní Georgetown ní ìpínlẹ̀ Kentucky. Sienna, Kentucky ni ó ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ sí Indiana. Ọkọ̀ tí à ń yìn pé ọwọ́ ará Jàpáànì mọ́, ọwọ́ ará Amẹ́ríkà ni ó tò ó. Ohun tí ó ti Jàpáànì wá níbẹ̀ ni ọ̀nà ìṣiṣẹ́, pàápàá òfin àtijọ́ yẹn láti ìdí òfì: òṣìṣẹ́ tí ó bá rí àbùkù ní àṣẹ láti fa okùn kí iṣẹ́ dúró.

Yorùbá kan wà nínú ìtàn yìí tí a kò gbọdọ̀ fò kọjá. Michael Ade.Ojo, ọmọ Ìlárá-Mọ̀kín ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, dá ilé-iṣẹ́ Elizade sílẹ̀ ní ọdún 1971, ó sì pa orúkọ ìyàwó rẹ̀, Elizabeth, pọ̀ mọ́ Ade tirẹ̀. Ó ta Toyota nígbà tí àwọn ènìyàn ṣì ń fi í ṣe ẹlẹ́yà, ó sì wà nídìí bí Toyota Nigeria ṣe dìde ní àárín àwọn ọdún 1990. Nínú owó mọ́tò ni Yunifásítì Elizade ti jáde sí ìlú rẹ̀. Mo fẹ́ràn apá yìí nítorí pé ó fi hàn pé orúkọ kan kì í dá rìn wọ ìlú; ẹnìkan ní láti mú un lọ́wọ́.

Àwọn tí wọ́n sì mú un lọ́wọ́ jù ni àwọn tí kò sí nínú ìwé. Àwọn ọlọ́jà ní Ládipọ̀ ní Èkó kó páàtì rẹ̀ jọ títí kò fi sí èyí tí ènìyàn kò lè rí. Àwọn mẹkáníìkì wa ní Kabba, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ka ìwé mọ́tò kan rí, mọ ẹ́ńjìnnì Corolla débi pé wọ́n lè fi etí mọ ohun tí ń ṣe é. Àwa aráàlú ni a sọ àwọn Camry lórúkọ bí ẹni ń sọ ọmọ: Orobo, Pencil, Muscle. Ọkọ̀ mìíràn lè lágbára tó Toyota, ṣùgbọ́n bí ó bá dákú sí Ọbájánà ní alẹ́, ta ni yóò tún un ṣe? Lójú ọ̀nà wa, níbi tí kòtò pọ̀, tí àwọn ajínigbé sì ti mú kí dídúró lẹ́bàá igbó di ohun ẹ̀rù, ọkọ̀ tí kì í dúró kọjá ọ̀rọ̀ afẹ́. Ẹ̀mí ni. Ìdí nìyẹn tí Sienna àti HiAce fi gba gáréèjì wa lọ́wọ́ Peugeot.

Ṣùgbọ́n òkìkí yìí ti ń ṣe wá ní jàǹbá pẹ̀lú. Mo wọ Sienna kan láti Àbújá bọ̀ wá sí Kabba, mo sì rí i pé awakọ̀ ti lẹ téèpù dúdú mọ́ ojú iná tí ń tàn nínú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ìyá àgbà kan tí ó jókòó níwájú bi í léèrè pé kí ni ó wà lábẹ́ téèpù yẹn.

"Ẹ má mikàn, màmá," ni ó dá a lóhùn. "Toyota ni."

"Ọmọ mi, mo mọ̀ pé Toyota ni. Kí ni iná náà ń wí?"

Kò fèsì. A dé ilé láyọ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè ìyá yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Wọ́n ti yí òǹkà máìlì ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ padà sẹ́yìn. Àwọn mìíràn ti rì sínú omíyalé ní Amẹ́ríkà kí wọ́n tó nù wọ́n dán. Àwọn mìíràn, ọkọ̀ méjì tí jàǹbá bàjẹ́ ni wọ́n jó pọ̀ di ọ̀kan. Orúkọ tí ó wà níwájú wọn ni kì í jẹ́ kí olùrà wo abẹ́ wọn.

Toyota fúnra rẹ̀ náà ti lẹ téèpù rí. Láàrin 2009 sí 2010, wọ́n pe ọkọ̀ tí ó ju mílíọ̀nù mẹ́jọ lọ padà káàkiri àgbáyé nítorí àtẹ̀sáré tí ó lè há àti kápẹ́ẹ̀tì tí ó lè dì í mọ́lẹ̀. Akio Toyoda, ọmọ-ọmọ Kiichiro, lọ tọrọ àforíjì níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ní oṣù kejì 2010. Ní 2014, ilé-iṣẹ́ náà gbà láti san bílíọ̀nù kan lé igba mílíọ̀nù dọ́là, nítorí pé wọ́n tan àwọn aráàlú lórí ọ̀rọ̀ ààbò náà. Ìran tí ó ṣe ẹ̀rọ tí ń dúró bí òwú bá já, òun náà ni ó rí òwú tí ó já tí ó sì ń hun lọ.

Ó ku ibi tí ó ń dùn mí jù. Àjàòkúta kò jìnnà sí Kabba. Ọdún 1979 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ irin ibẹ̀ sílẹ̀, irin Itakpe sì wà nítòsí láti bọ́ ọ. Nínú irin yẹn ni ó yẹ kí àwọn ilé-iṣẹ́ mọ́tò Kaduna àti Èkó ti máa rí irin wọn. Ààrẹ Ṣàgàrí ṣí apá kan níbẹ̀ ní 1983, ṣùgbọ́n iná ńlá tí yóò yọ́ irin kò tíì jó di òní. Láti orí ẹ̀rọ ìhunṣọ 1924 dé orí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ 1936, ọdún méjìlá ni. Àjàòkúta ti lé ní ogójì ọdún. A ní òfì, a ní irin, a sì ní ọmọ tí ó lè fi etí mọ àìsàn ẹ́ńjìnnì.

Ní báyìí, ọkọ̀ pàápàá ti ń sá fún wa. Ìjọba gbé owó orí ọkọ̀ tuntun lọ sókè pẹ̀lú ètò 2013, wọ́n fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀ 2017, nígbà tí ó sì di 2023, ìrànwọ́ orí epo lọ, náírà sì já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní Kabba, àwọn tí wọ́n ń pèrò láti pààrọ̀ Corolla àtijọ́ wọn ti gbàgbé èrò náà. Ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń pààrọ̀ báyìí. Mẹkáníìkì kan sọ fún mi pé iṣẹ́ òun kò pọ̀ tó báyìí rí: àwọn ọkọ̀ tí ọjọ́ orí wọn ju ti àwọn ọmọṣẹ́ òun lọ ni wọ́n ń wọ́ wá, olówó wọn á sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá àwọn tì í di ọdún tí ń bọ̀.