Ẹnu-ọ̀nà Áyọ́ọ̀nù
Ẹnu-ọ̀nà áyọ́ọ̀nù ni ihò tín-ín-rín tí purotéènì ṣe sára awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì, èyí tí áyọ́ọ̀nù, ìyẹn átọ́ọ̀mù tó ru agbára iná, ń gbà wọlé tàbí jáde. Nínú nọ́rọ́ọ̀nù, sẹ́ẹ̀lì tó ń jíṣẹ́ láàárín ọpọlọ àti ara, sódíọ̀mù pọ̀ níta, pọ̀tásíọ̀mù pọ̀ nínú, agbára iná inú rẹ̀ sì máa ń fi nǹkan bí 70 mílífóòtì rẹlẹ̀ sí ti ìta nígbà tó bá sinmi. Bí ohun kan bá ta á jí, ẹnu-ọ̀nà sódíọ̀mù á ṣí, sódíọ̀mù á ya wọlé, ti pọ̀tásíọ̀mù á sì ṣí tẹ̀ lé e kí nǹkan lè padà sípò.

Alan Hodgkin àti Andrew Huxley ló fi ìṣirò ṣàlàyé èyí lọ́dún 1952, kì í ṣe lára ènìyàn bí kò ṣe lára squid, ẹran òkun kan tí okùn iṣan rẹ̀ nípọn tó nǹkan bí ìdajì mílímítà, débi pé wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ṣeé kì bọ inú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ lidocaine tí dókítà eyín ń gún kí èrìgì lè kú, ẹnu-ọ̀nà sódíọ̀mù yìí gan-an ló ń dí.