Ìdí Tí Òjò Fi Ń Dí Ìbánisọ̀rọ̀ Lọ́wọ́ ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́

Máíkírówéèfù ni orúkọ ìgbì rédíò tí gígùn rẹ̀ wà láàrin mítà 1 sí mìlímítà 1. Òun ni díìṣì tẹlifíṣọ̀n ń gbà láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì. Bí wáyà fíbà kò bá sì dé ìlú kan, òun ni ó máa ń so òpó ìbánisọ̀rọ̀ ibẹ̀ mọ́ ti ìlú mìíràn. Ní ojú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ìfọ́n, níbi tí ààbò ti jẹ́ àníyàn gbogbo wa, ìpè kan ṣoṣo lè gba ẹ̀mí là.

Àwọn ohun tí ó ń bá ìgbì náà ṣiṣẹ́

Áńténà ni ó ń tan ìgbì síta, tí ó sì ń gbà á wọlé. Asẹ́ wà nínú ẹ̀rọ pẹ̀lú: bí asẹ́ ògì ṣe ń dá èérí dúró, bẹ́ẹ̀ ni asẹ́ yìí ń jẹ́ kí ìgbì tí a fẹ́ kọjá, tí ó sì ń dá ìyókù dúró. Ohun tí ìgbì bá pàdé lọ́nà náà ṣe pàtàkì: páànù a máa dá a padà, gíláàsì lásán a máa jẹ́ kí púpọ̀ nínú rẹ̀ kọjá, omi a sì máa gba agbára rẹ̀.

Ìwádìí lórí òjò tiwa

Ìgbì gígáhẹ́ẹ̀tìsì 4 gùn tó sẹ̀ǹtímítà 7.5, òjò kì í sì fi bẹ́ẹ̀ dí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìgbì gígáhẹ́ẹ̀tìsì 12 tí díìṣì kékeré orí òrùlé ń gbà kò ju sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ. Bí òjò ńlá bá dé, ẹ̀kán omi a gba lára agbára rẹ̀, a sì tú òmíràn ká.

Tẹ́lẹ̀, ìwọ̀n òjò ilẹ̀ tútù, bí èyí tí Marshall àti Palmer gbé jáde ní Kánádà ní ọdún 1948, ni àwọn ẹnjiníà sábà máa ń lò. Ọ̀jọ̀gbọ́n G. O. Ajayi ti Yunifásítì Ilé-Ifẹ̀ ṣe ìwádìí ẹ̀kán òjò tiwa. Ní ọdún 1985, òun àti R. L. Olsen gbé ìṣirò kan jáde tí ó bá òjò ilẹ̀ olóoru mu ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ní Àkúrẹ́, àwọn onímọ̀ FUTA náà ti fi rédà kékeré tí ó kọjú sókè ṣe ìwọ̀n òjò. Ẹni tí ó bá fi òjò Kánádà ṣe ìṣirò òpó Ìfọ́n, òpó náà lè dákẹ́ nígbà tí a nílò rẹ̀ jù.

Ohun tí ará ìlú lè ṣe

• Bí ìpè kò bá lọ nínú ilé onípáànù, ẹ sún mọ́ fèrèsé, tàbí kí ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Ó lè kọjá nígbà tí ìpè bá kọ̀.
• Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ kọjú díìṣì yín síbi tí ó yẹ gan-an, kí ẹ sì gé ẹ̀ka igi tí ó bá dí i.
• Ẹ dáàbò bo wáyà fíbà àti bátìrì òpó ìbánisọ̀rọ̀ ní àdúgbò yín.
• Bí ewu bá dé, ẹ pe 112. Ọ̀fẹ́ ni.