Àjàyí àti Ìyá Rẹ̀: Ìpàdé Ẹbí Kan ní Abẹ́òkúta

Ní ìgbà ayẹyẹ bí irú èyí, a máa ń rí àwọn ẹbí tí ó ti ọ̀nà jíjìn darí sí ilé baba wọn. Wọn a dá aṣọ kan náà, wọn a sì jókòó pọ̀ nínú ilé Ọlọ́run. Ohun dáradára ni. Síbẹ̀ a ti kíyèsí i pé ọ̀pọ̀ a jẹun tán, wọn a ya àwòrán tán, láìbi àgbà kan ṣoṣo léèrè pé, ta ni ó bí baba baba wa? Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ rán olùkàwé wa létí ìpàdé ẹbí kan tí kò sí àsè níbẹ̀, tí ó ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ, ọdún 1846.

Òṣoògùn, ìlú kan tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, ni a gbé bí Àjàyí. Ahunṣọ ni baba rẹ̀. Afala ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1821, wọ́n ń se oúnjẹ lọ́wọ́ nígbà tí ogun dé. Baba sáré wọlé wá kìlọ̀ fún wọn, ó sì padà sí ojú ìjà. Wọn kò tún fojú kàn án mọ́. A kó ìyá, a kó ọmọ, a kó ìyá àgbà pẹ̀lú, a sì yà wọ́n nípá. Ní Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti fi Àjàyí ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ títí a fi kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí ní Èkó. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin, 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, Myrmidon, gba wọn sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n sì kó wọn lọ sí Sàró.

Ní Sàró, àwọn akọ̀wé ìjọba a máa kọ orúkọ àwọn tí a gbà sílẹ̀ sínú ìwé ńlá, pẹ̀lú ọjọ́ orí, gíga àti ilà ara wọn. Ṣùgbọ́n bí etí àjèjì ti gbọ́ orúkọ ni ọwọ́ rẹ̀ ṣe kọ ọ́, ó sì ṣòro lónìí láti mọ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá, 1825, a ri Àjàyí bọmi, a sì sọ ọ́ ní Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Síbẹ̀ kò ju Àjàyí nù. Orúkọ àmútọ̀runwá ni, ti ọmọ tí ó dojú bolẹ̀ wá sí ayé. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ ti mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ kí ó tó rí i.

A fi í joyè àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1843. Ní 1845 òun àti àwọn Townsend àti Gollmer gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ó sì dé Abẹ́òkúta. Àwọn Sàró mìíràn ti ṣáájú rẹ̀ dé ibẹ̀, olúkúlùkù ń wá ará ilé rẹ̀ kiri. Wọn kò ní ìwé kankan lọ́wọ́ tí yóò tọ́ka ilé. Orúkọ ìlú, ilà ojú àti oríkì ni wọ́n fi ń wá a.

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, a kò rí Àjàyí. Afala fúnra rẹ̀ ti jẹ ìyà oko ẹrú. Ó wà ní Abaka, ìletò kan nítòsí, pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì àti àwọn ọmọ wọn. Nígbà tí ìròyìn dé etí rẹ̀, òun àti arákùnrin Àjàyí wá. Ó rí ọmọ rẹ̀, ara rẹ̀ gbọ̀n. Wọ́n di ara wọn mú, wọn kò lè sọ̀rọ̀. Ọdún márùn-ún-dín-lọ́gbọ̀n ni! Ẹni tí a mú lọ ní ọmọdé padà wá ní àgbàlagbà, nínú aṣọ òyìnbó. Nígbà náà ni ìyá bẹ̀rẹ̀ sí pè é ní àwọn orúkọ tí ìyá àgbà máa ń pè é nígbà èwe rẹ̀, Àjàyí sì rántí wọn dáradára. Ìyá àgbà náà ti kú sí oko ẹrú. Orúkọ tí ó fi pe ọmọ kò bá a lọ.

Lójú tiwa, níbí ni kókó ọ̀rọ̀ gbé wà. Bí a bá ṣí ìwé ìrìbọmi àtijọ́ nínú àwọn ìjọ wa, David, Sarah àti Hannah ni a óò bá pàdé. Ó ṣọ̀wọ́n kí a rí oríkì níbẹ̀. A kò bá àwọn baba wa wí, nítorí iṣẹ́ tí ìwé náà wà fún ni wọ́n fi í ṣe. Ṣùgbọ́n ẹbí tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé ìwé náà nìkan yóò dé ojú ìrìbọmi, yóò sì dúró síbẹ̀.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì, 1848, a ri Afala náà bọmi. Hannah ni a sọ ọ́, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì. Ó dàgbà, ó darúgbó, ọdún 1883 ni ó tó kú. Herbert Macaulay, ọmọ Abigail ọmọ Àjàyí, tí a bí ní 1864, ti di ọ̀dọ́mọkùnrin nígbà náà. Ẹni tí ojú rẹ̀ rí ogun Òṣoògùn ṣì wà láàyè fún un láti bi léèrè.